Jẹjẹrẹ Inú: Owó Àyẹ̀wò Sàn Ju Owó Òkú Lọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àrùn tí ń ṣe ogójì ni ó ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún. Ohun tí ó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Òwe yìí jinlẹ̀, ó sì ti parí ọ̀pọ̀ ìjà láàárín ọmọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí kò gbọ́ òwe náà. Jẹjẹrẹ tí ń mú ènìyàn nínú àpòlúkù, èyíinì ni àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí lẹ́yìn tí a bá gbé e mì, kì í hùwà bákan náà lára ènìyàn méjì. Ẹni méjì lè dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn tí ó kángun síra wọn, kí orúkọ àìsàn wọn jẹ́ ọ̀kan náà, kí dókítà fún wọn ní oògùn kan náà, síbẹ̀ kí ọ̀kan padà sí ìdí ọjà rẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kí ẹbí èkejì sì máa wá pósí. Ohun tí ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kì í ṣe orí ire àti orí burúkú nìkan. Díẹ̀ nínú rẹ̀ wà nínú ẹran ara tí àrùn náà mú. Ó ṣeé rí, ó sì ṣeé kà. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, ta ni ó ń kà á fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Jos?

Àwọn ọmọ Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Òkè Jos. Láti ìgbà tí iṣẹ́ wíwa tánńganran ti bẹ̀rẹ̀, tí ọkọ̀ ojú irin sì ti gun òkè dé Bukuru àti Jos, ni àwọn oníṣòwò, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà, ti fi ibẹ̀ ṣe ilé. Wọ́n bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ wọn náà sì bímọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ-ọmọ ni ó gbọ́ Hausa bí ẹni tí a fi í rẹ́ lára. Síbẹ̀, àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Èrò yìí ni ó fà á tí ó fi jẹ́ pé, bí àìsàn bá ti wúwo, ohun àkọ́kọ́ tí ẹbí ń sọ ni pé kí wọ́n gbé e lọ sílé. Kò sí ẹni tí ó lè bá wọn wí nítorí èyí. Ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wà nílé. Ilé sì ni ènìyàn ń forí lé ní ọjọ́ ìṣòro. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ inú, ìlọsílé yìí ní ewu kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí.

Ọ̀nà tí àrùn náà sábà ń gbà kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tí ń ta aṣọ ní Terminus tàbí tí ń ta pákó ní Katako bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìrora ní òkè ikùn. Gbogbo ènìyàn ní ọgbẹ́ inú ni, èyí tí ayé ń pè ní ulcer. Ó ra oògùn funfun olómi ní kẹ́mísì, ìrora náà rọ̀ díẹ̀. Ó tún padà, wọ́n bá a po àgbo. Oṣù mẹ́fà kọjá. Oúnjẹ díẹ̀ ti ń yó o jù. Ṣòkòtò tí ó bá a mu ní ọdún tó kọjá ti di ohun tí ó ń fi okùn so mọ́dìí. Ó ń bì, ìgbẹ́ rẹ̀ sì dúdú bí ọ̀dà. Nígbà náà ni wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Jos ní Lamingo. Àwọn dókítà ki ọ̀pá onírọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí iná àti awò wà lẹ́nu rẹ̀ bọ ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n rí egbò, wọ́n sì gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Kí èsì tó jáde, ìpàdé ẹbí ti jókòó. Mọ́tò ti dé. Aláìsàn ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹran tí a gé sì jókòó sí Jos. Bí wọ́n bá dé ilé, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú owó tí ó ti tán lápò àti ara tí kò lágbára mọ́.

Àrùn náà kì í ṣe kékeré láyé. Ní ọdún 2022, iye àwọn tí jẹjẹrẹ àpòlúkù ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní gbogbo àgbáyé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 970,000, iye tí ó sì pa tó 660,000, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àjọ tí ń wádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ohun tí ó sábà ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kòkòrò tíntìntín kan tí ń jẹ́ Helicobacter pylori, tí ń gbé inú àpòlúkù. Dókítà méjì ní ìlú Perth ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Robin Warren àti Barry Marshall, ni wọ́n fi kòkòrò náà hàn fún ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Nígbà tí àwọn ènìyàn kò gbà wọ́n gbọ́, Marshall bu omi tí kòkòrò náà kún inú rẹ̀, ó gbé e mu ní ọdún 1984, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ bí ó ti wí. Ní ọdún 1994, àjọ tí ń wádìí jẹjẹrẹ kéde pé kòkòrò yìí ń fa jẹjẹrẹ. Ní ọdún 2005, àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel.

Ìhà Àríwá Nàìjíríà ní ìpín nínú ìtàn yìí. Oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Holcombe, tí ó ṣiṣẹ́ ní Maiduguri, kọ̀wé ní ọdún 1992 sí ìwé àwọn dókítà tí ń jẹ́ Gut. Ó ṣàkíyèsí pé kòkòrò náà wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní Áfíríkà, síbẹ̀ tí jẹjẹrẹ àpòlúkù kò pọ̀ bí ó ti yẹ kí ó pọ̀. Ó pe ọ̀rọ̀ náà ní àdììtú Áfíríkà. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn lé e lórí. Àwọn kan ní ara àwọn ènìyàn ibí tàbí irú kòkòrò ibí ni ó yàtọ̀. Àwọn mìíràn sì dáhùn pé níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ tí a fi ń wo inú, ta ni yóò rí jẹjẹrẹ náà? Ẹni tí ó bá kú sí yàrá ìyá rẹ̀ lábúlé kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí gbolohùn ìkẹyìn yìí dun àwọn tí ń gbé aláìsàn lọ sílé láìmú ìwé kankan dání. Àdììtú Áfíríkà lè jẹ́ àdììtú lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé a kò kà wọ́n ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Jos sùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1994, àwọn dókítà Malu, Okeke àti Daniyam tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn àìsàn àpòlúkù ní Òkè Jos. Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ kan ní Jos, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Brazil, jáde pẹ̀lú àyẹ̀wò oògùn tí ó lè pa irú kòkòrò tí wọ́n rí lára àwọn aláìsàn ní Jos. Ní ọdún 2010, Mandong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkójọ àwọn tí jẹjẹrẹ àpòlúkù mú ní ilé ìwòsàn ńlá Jos láàárín ogún ọdún. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ayé ti rìn síwájú. Nígbà kan, ó tó kí dókítà sọ pé jẹjẹrẹ ni. Lónìí, ó tún gbọ́dọ̀ sọ irú èyí tí ó jẹ́, ibi tí ó ń lọ, àti oògùn tí ó lè dá a dúró. Àwọn pùrótéènì inú ẹran náà ni wọ́n ń bá a sọ ọ́.

Púpọ̀ ènìyàn mọ pùrótéènì gẹ́gẹ́ bí èròjà amúaradàgbà tí ó wà nínú ẹ̀wà, ẹyin àti ẹran. Ara ènìyàn pẹ̀lú ń ṣe tirẹ̀, onírúurú ni wọ́n sì jẹ́. Àwọn ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, èyíinì ni àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí a fi mọ ara. Láyé àtijọ́, bí àgbà bá rí pélé, àbàjà tàbí gọ̀ǹbọ́ lójú àlejò, yóò ti mọ ilé tí ó ti wá kí ó tó la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn pùrótéènì kan ṣe jẹ́ ilà ojú fún jẹjẹrẹ. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà yóò mọ ìdílé tí àrùn náà ti wá àti ìwà tí wọ́n ń hù ní ìdílé náà. Bí wọ́n ti ń kà á ni pé wọ́n á fi ẹran tí a gé sínú ìda kí ó le, wọ́n á fá a ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì, wọ́n á sì ta èròjà kan sí i tí kì í lẹ̀ mọ́ ohun mìíràn ju pùrótéènì tí wọ́n ń wá lọ. Níbi tí pùrótéènì náà bá wà, ibẹ̀ yóò yọ àwọ̀ bí ewé tábà gbígbẹ lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá.

Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni HER2. Ẹnu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì ni ó ń dúró sí bí ẹ̀ṣọ́, òun ni ó sì ń gba àṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì máa pọ̀ sí i. Nínú jẹjẹrẹ àwọn kan, ẹ̀ṣọ́ yìí pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, ariwo rẹ̀ kò sì jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì sinmi. Oògùn kan wà tí ń jẹ́ trastuzumab, tí ó máa ń lọ di ẹ̀ṣọ́ náà mú. Ìwádìí ńlá kan tí a ń pè ní ToGA, tí ó jáde ní ọdún 2010, fi hàn pé nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún àwọn aláìsàn tí a yẹ̀ wò ni ó ní HER2 lọ́pọ̀. Àwọn tí a fún ní trastuzumab pẹ̀lú oògùn jẹjẹrẹ tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ lo oṣù 13.8 ní ààrin gbùngbùn ìṣirò, nígbà tí àwọn tí kò gbà á lo oṣù 11.1. Aláìsàn tí kò ní HER2 kò ní èrè kankan nínú oògùn yìí, iye yòówù kí ó fi rà á. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò fi gbọ́dọ̀ ṣáájú owó oògùn.

Àwọn mẹ́rin mìíràn wà, MLH1, MSH2, MSH6 àti PMS2, tí iṣẹ́ wọn dà bí ti aránṣọ tí ń lẹ aṣọ tí ó ya. Àwọn ni wọ́n ń tún àṣìṣe inú sẹ́ẹ̀lì ṣe nígbà tí ó bá ń pín. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sọnù nínú jẹjẹrẹ, a lè rò pé ìròyìn burúkú ni. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Àwọn tí a tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún nínú irú aláìsàn yìí sábà ń ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ. Oògùn jẹjẹrẹ tí gbogbo ènìyàn ń gbà lè má ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀. Oògùn tí ń jí àwọn ọmọ ogun ara dìde sì máa ń bá wọn mu gan-an. Pùrótéènì tí a ń pè ní PD-L1 náà máa ń tọ́ka sí àwọn tí irú oògùn ajíni yìí lè ṣe lóore: nínú ìwádìí CheckMate 649 tí ó jáde ní ọdún 2021, àwọn tí àmì náà pọ̀ lára wọn lo oṣù 14.4 pẹ̀lú oògùn náà, àti oṣù 11.1 láìsí i. Èyí tí ó dé kẹ́yìn ni claudin 18.2. Ìwádìí tí ó jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 2023 fi hàn pé oògùn tí ń dojú kọ ọ́ sún ààrin gbùngbùn ìgbà ayé láti oṣù 15.5 dé oṣù 18.2.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ nípa àwọn iye wọ̀nyí. Oṣù ni wọ́n, wọn kì í ṣe ogún ọdún. Àwọn tí àrùn ti tàn kálẹ̀ lára wọn ni àwọn ìwádìí náà dá lé lórí. Kò sí àmì pùrótéènì tí ó lágbára tó àkókò tí a rí àrùn náà. Ní ilẹ̀ Japan, níbi tí wọ́n ti ń yẹ inú àwọn ènìyàn wò kí ìrora tó dé, ju àádọ́rùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a bá jẹjẹrẹ àpòlúkù wọn ní kékeré ni ó ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ní South Korea, láti ẹni ogójì ọdún sókè ni ètò ìjọba ti ń yẹ inú ènìyàn wò ní ọdún méjì-méjì. Láti kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni ó ń gbà. Nítorí náà, kíka àmì kò rọ́pò títètè lọ. Àwọn méjèèjì jọ ń rìn ni.

Níbi yìí ni àwọn kan yóò ti béèrè pé, kí ni àǹfààní àyẹ̀wò tí ó ń sọ orúkọ oògùn tí apá ẹni kò ká? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín dáhùn rẹ̀. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé àyẹ̀wò ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ìnáwó asán. Ẹbí tí ó ta ilẹ̀ láti ra oògùn tí kò bá àrùn náà mu ti pàdánù ilẹ̀, ó sì tún pàdánù ènìyàn. Èkejì ni pé ọ̀wọ́n oògùn kì í wà títí. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi trastuzumab sínú ìwé àwọn oògùn tí kò ṣeé má ní ní ọdún 2015, ó sì fọwọ́ sí èyí tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe, tí owó rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́, ní ọdún 2019. Ẹni tí a ti ka àmì rẹ̀ ni yóò lè nawọ́ mú irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá dé.

Ìdáhùn kẹta ni ó wúwo jù. Àwọn ènìyàn Áfíríkà kò pọ̀ nínú àwọn ìwádìí tí a ka iye wọn sókè yìí. Ilà tí a kọ́ láti ojú ará Éṣíà àti ará Yúróòpù ni wọ́n fẹ́ fi ka ojú ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọmọ Berom. Ó lè jẹ́ pé ó bá a mu. Ó sì lè jẹ́ pé kò bá a mu pátápátá. Kò sí ọ̀nà tí a ó gbà mọ̀ bí kò ṣe pé kí a ka ti àwọn ènìyàn ibí, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì tẹ̀ lé aláìsàn kọ̀ọ̀kan títí a ó fi mọ bí ó ti parí sí. Àmì tí ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ kò wúlò bí a kò bá mọ̀ bóyá àsọtẹ́lẹ̀ náà ṣẹ. Ní ìgbà tí aláìsàn bá kúrò ní Jos láìsọ ibi tí ó lọ, òpin ìtàn rẹ̀ ti sọnù. Dókítà Jos kò mọ̀ bóyá ó yè; dókítà ilé kò mọ ohun tí Jos rí. Gbogbo àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n jẹ gbèsè yìí.

Ìmọ̀ díẹ̀ nípa ẹran tí a gé yìí kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Àwọn onímọ̀ dámọ̀ràn pé, nítorí pé HER2 kì í pọ̀ káàkiri ibi tí àrùn náà mú lọ́gbọọgba, ó dára kí a gé ègé mẹ́fà sí mẹ́jọ láti inú àpòlúkù. Ó gbọ́dọ̀ tètè wọ inú omi fọ́málìn, láàárín wákàtí kan, kí ó sì wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, kí ó má sì ju wákàtí 72 lọ. Bí a bá fi sílẹ̀ lásán, tàbí tí a rọ omi lásán lé e, pùrótéènì inú rẹ̀ yóò bàjẹ́, àmì tí ó wà lára rẹ̀ yóò sì parẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi í sínú ìda dáadáa, ó lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ṣeé gbé láti ìlú kan dé òmíràn nínú àpò ẹ̀wù. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju ti ṣúgà onígun lọ. Nínú gbogbo ẹrù tí ẹbí ń dì sínú mọ́tò lọ sílé, òun ni ó fúyẹ́ jù, òun ni ó sì níye lórí jù.

Nítorí náà, iṣẹ́ wà fún àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí ó wà ní Jos, ní Bukuru àti ní gbogbo ìlú Àríwá tí Yorùbá bá ń gbé. Gbogbo ayé mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kì í fi òkú ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lójú títì. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n lè dá owó mọ́tò, owó pósí àti owó àlejò. Ohun ìwúrí ni. Ṣùgbọ́n àìsàn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Bí ẹgbẹ́ bá lè dá owó fún òkú láàárín ọjọ́ kan, ó lè dá díẹ̀ nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ọmọ ẹgbẹ́ tí inú ń run fún oṣù kan lè lọ yẹ inú wò. Ó lè yan ẹni méjì tí ó gbọ́ èdè àwọn dókítà, tí yóò máa bá ẹbí lọ gba èsì, tí yóò sì rí i dájú pé aláìsàn kò kúrò láìmú ìwé èsì àti ẹran inú ìda náà dání, tàbí lẹ́tà tí ilé ìwòsàn kejì yóò fi béèrè fún un. Kì í ṣe ojú àánú ni wọ́n ń béèrè. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 pa á láṣẹ pé kí a sọ fún aláìsàn bí ìlera rẹ̀ ti rí àti irú àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tí ó wà fún un.

Iṣẹ́ wà fún ìjọba pẹ̀lú. Ju ìdá méjì nínú mẹ́ta owó tí a ń ná lórí ìlera ní Nàìjíríà ni ó ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ wá. Òfin tí ó dá Àjọ Adójútòfò Ìlera ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan kí olúkúlùkù ní ìdáàbòbò; ìpínlẹ̀ Plateau ní àjọ tirẹ̀, PLASCHEMA. Ó tọ́ kí àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n jẹ́ àlejò ní Plateau forúkọ sílẹ̀, nítorí àjò tí ènìyàn ń jẹ ń mu nínú rẹ̀ ti di ilé fún un. Ó sì tọ́ kí àwọn àjọ wọ̀nyí ka àyẹ̀wò àmì pùrótéènì mọ́ ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Àyẹ̀wò náà ni ó ń sọ oògùn tí a ó rà. Ẹni tí ó bá sanwó oògùn tí kò sanwó àyẹ̀wò, bí ẹni tí ń ra bàtà láìmọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ ni.

Fún àwọn ilé ìwòsàn ńlá, ohun tí a ń béèrè kò ṣàjèjì sí wọn. Ẹ̀ka Yunifásítì Ìbàdàn ni Yunifásítì Jos ní ìbẹ̀rẹ̀, ní ọdún 1971, kí ó tó dá dúró ní ọdún 1975. Ìyá àti ọmọ ni wọ́n. Kò sí ìdí tí ìwé aláìsàn kò fi lè máa rìn láàárín Jos, Ìbàdàn, Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ bí àwọn aláìsàn fúnra wọn ti ń rìn. Níbi tí ilé ìwòsàn kan kò bá ní èròjà àyẹ̀wò kan, kí ó fi ẹran náà ránṣẹ́ sí ibi tí ó wà, kí ó má fi ẹbí sílẹ̀ láti máa wá a kiri. Bí dókítà ilé bá gba aláìsàn tí ó ti Jos dé, kí ó kọ̀wé padà sí Jos láti sọ bí ó ti parí. Ìwé kékeré bẹ́ẹ̀, bí ó bá pọ̀, ni yóò tú àdììtú tí Holcombe kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1992.

Kí olúkúlùkù tún rántí pé ọ̀rọ̀ kò tíì di ti pùrótéènì nígbà tí ìrora bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ ń run tí kò lọ lẹ́yìn oògùn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ó ń rù láìgbààwẹ̀, tí oúnjẹ ń há lọ́fun, tí ó ń bì ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú, kò tún gbọ́dọ̀ padà sí kẹ́mísì. Kí ó lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ó bá jẹ́ kòkòrò Helicobacter ni, oògùn tí ń pa á wà. Bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ni, ìgbà tí ó ṣì kéré ni ọ̀bẹ dókítà lè mú un tán.

Ọjọ́ tí ọmọ Yorùbá bá kú sí àjò, gbogbo ará ilé ń bọ̀ pẹ̀lú aṣọ dúdú àti owó lọ́wọ́. Ìfẹ́ ni ó ń gbé wọn wá, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ kí ìfẹ́ náà parẹ́. Kìkì pé kí ó tètè dé ni. Kí ó dé nígbà tí ènìyàn ṣì jókòó sí ìdí ọjà rẹ̀, tí ó ń fọwọ́ tẹ ikùn, tí ó ń sọ pé kò tíì ṣe nǹkan kan. Owó kan náà ni. Ọwọ́ kan náà ni yóò sì san án. Ìgbà tí a san án nìkan ni ó yàtọ̀.